Ọjọ́ Tí Sìdíkátù Dúpẹ́ Títí Ẹja Fẹ́ẹ̀ Kú

"Ọpẹ́ kì í ṣe ó dàbọ̀." Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà Ìsàlẹ̀-Odò, àwọn ọmọdé pàápàá ti ń pa á. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá nínú yín? Ẹ má wulẹ̀ máa wojú ara yín. Òwe yìí kò bá ayé ọfà àti ẹṣin wá rárá. Àná òde yìí ni wọ́n bí i, etí adágún ẹja ni wọ́n sì bí i sí.

Sìdíkátù ló ni adágún náà, ẹja àrọ̀ ló sì ń sìn níbẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo ẹja rẹ̀ ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti búra pé bí èyí bá tún kú, òun ó fi yẹ̀pẹ̀ dí kòtò náà, òun ó sì gbàgbé ẹja sínsìn láéláé. Nígbà tó wá débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó bá àwọn ẹja tí wọ́n yọ ẹnu sókè omi, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ já pàà.

Ó fa fóònù yọ, ó ké sí Awárí. Awárí ni ẹ̀rọ aṣèwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn olùsìn-ẹja ní. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, yóò tú gbogbo ìwé ìmọ̀ ẹja tí ẹgbẹ́ kó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wò, yóò sì fi Yorùbá tó já gaara dá yín lóhùn. Sìdíkátù fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn àna tó mọ̀wàáhù.

"Awárí, ẹ káàárọ̀ o! Àwọn ẹja mi ń yọ ẹnu sókè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ!"

"Ẹ káàárọ̀. Ó jọ pé afẹ́fẹ́ inú omi ti dín kù. Ṣé adágún ilẹ̀ ni àbí ti kọnkéré?"

"Ẹ ṣé o, ẹ kú làákàyè. Ti ilẹ̀ ni."

"Ẹ káàbọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí n bá yín wá?"

Sìdíkátù yọ fóònù létí, ó wò ó tìyanu-tìyanu. Ẹni tí àwọn jọ ń sọ̀rọ̀ bọ̀ náà nìyí? Ó tún ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n rìn jìnnà díẹ̀: Awárí ní kó ṣí omi tó ti bàjẹ́ jáde, kó sì jẹ́ kí tuntun wọlé. Inú Sìdíkátù dùn dé ẹ̀yìn.

"Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ ṣé gan-an! Apá ibo ni kí n ti ṣí i?"

"Ẹ káàbọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ ṣí?"

Ẹja méjì ti yí ikùn sókè. Sìdíkátù figbe ta. Ó sáré pe Fẹ̀hìntọlá, ọmọbìnrin tó kọ́ Awárí fún ẹgbẹ́, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀kadà ló gbé e dé, ìdajì orí rẹ̀ ṣì wà láìdì. Ó ní kí Sìdíkátù tún un béèrè lójú òun. Bó ti gbọ́ "ẹ ṣé" báyìí, ló bá gbá orí mú.

"Màmá, ẹ̀bi mi ni! Ẹnikẹ́ni tó bá ń bá Awárí sọ̀rọ̀ ló ní ìjókòó tirẹ̀. Bí ìjókòó yẹn kò bá tíì túká, gbogbo ohun tí ẹ ti sọ ni yóò máa rántí; bó bá ti túká, yóò gbàgbé gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ní kó máa tú u ká bó bá ti gbọ́ ọpẹ́. Mo rò pé ẹni tó bá dúpẹ́ ti fẹ́ máa lọ ni."

"Nílẹ̀ Yorùbá yìí kẹ̀? Àwa tí à ń dúpẹ́ àná, tí à ń dúpẹ́ ìjẹta!"

"Ẹ bínú tó bá yá, Màmá. Ní báyìí, ẹ má dúpẹ́, ẹ má ṣàdúrà fún un. Ẹ ṣáà máa béèrè."

Ó dun Sìdíkátù wọra. Kí èèyàn máa gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹni, kó má lè ní ẹ ṣé! Ṣùgbọ́n ó wo ẹja, ó gbé e mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìgbà tí ọpẹ́ bá sì ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, á fi eyín di etí ìborùn rẹ̀ mú. Awárí ò sì gbàgbé nǹkan kan mọ́! Ìsàlẹ̀ ni kó ti ṣí i, ó ní, níbi tí àjẹkù oúnjẹ ń rà sí. Kó má jẹ́ kí adágún gbẹ. Kó fi abọ́ lu ojú omi kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́.

Àwọn méjèèjì kó sínú iṣẹ́. Wọ́n ṣí ìsàlẹ̀, wọ́n la omi odò wọlé, wọ́n lu ojú omi títí apá fi ń ro wọ́n. Ẹja kan wọ ìsàlẹ̀ lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, kò sí ẹja tó yọ ẹnu sókè mọ́. Sìdíkátù fò sókè bí ọmọge.

"O ṣé, ọmọ mi! O ṣé, o ṣé!"

Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín, ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù, ó sì kọrí síbi tí ọlọ́kadà ń dúró sí.

"Níbo lò ń lọ? Ọpẹ́ ni mo dá, mi ò ní ó dàbọ̀. Jókòó síbí, kí o tún Awárí ṣe lójú mi."

Fẹ̀hìntọlá jókòó. Ó yí i padà pé kí ìjókòó má túká mọ́ nítorí ọpẹ́, àfi bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dàbọ̀. Sìdíkátù gba fóònù, ó tún ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà bá a sọ látòkèdélẹ̀, ó wá tú gbogbo ọpẹ́ tó há sí i lọ́fun dà sílẹ̀: ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ò ní rí ogun ẹja. Ó wá rọra béèrè, ẹ̀rù ń bà á:

"Oúnjẹ wọn wá ńkọ́?"

"Kò tọ́pẹ́. Ẹ má tíì fún àwọn ẹja náà lóúnjẹ lónìí, títí omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là wọlé yóò fi tòrò."

Igbe ayọ̀ tí Sìdíkátù ké lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé òdìkejì odò.

Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ranni lọ́wọ́ dé ìdajì ọ̀nà, tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá gbọnwọ́ nù bí ẹni tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àgbà Ìsàlẹ̀-Odò á fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n á ní kó jókòó. Ọpẹ́ kì í ṣe ó dàbọ̀.