Bi Òpó Kí O Tó Bi Òkú

"Ta ló fọn fèrè?"

Rẹfirí ló béèrè. Ó na fèrè tirẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé ọwọ́ òun ló wà, kì í ṣe ẹnu. Ó wo àwọn agbábọ́ọ̀lù Àgọ́-Ìrókò tí wọ́n dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó wo àwọn àlejò tí wọ́n ń di mọ́ ara wọn nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá sáwọ̀n. Ó wo àwọn òǹwòran yíká pápá.

Inú ìbéèrè yẹn ni òwe kan ti jáde, tí àwọn àgbà Àgọ́-Ìrókò kì í fi ṣeré: Bi òpó kí o tó bi òkú. Bóyá ìwọ náà ti gbọ́ ọ rí, bóyá wọ́n tilẹ̀ ti fi bá ọ wí. Ṣé o mọ òpó tí wọ́n ń sọ? Ṣé o sì mọ òkú náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òpó ilé ni. Òpó ilé kọ́. Òpó góòlù ni, òkú náà sì jẹ́ olùkọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Olójèdé ni orúkọ rẹ̀. Òun ni olùkọ́ eré ìdárayá ní iléèwé gírámà Àgọ́-Ìrókò, òun ló sì dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjèèjì sílẹ̀, ti àgbà àti ti ọmọdé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún àwọn òpó pápá ṣe. Fèrè irin kan kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọmọ a máa ṣàwàdà pé bí Ọ̀gá bá fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ jà, yóò kọ́kọ́ fọn fèrè ná. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀ nígbà òjò, kò sì dìde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n fi fèrè náà kọ́ ọ lọ́rùn nínú pósí. Gbogbo ọmọ iléèwé ló fi ojú ara wọn rí i kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Nítorí náà, nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ìdíje àwọn iléèwé bẹ̀rẹ̀, tí fèrè sì dún lórí pápá láìsí ẹni tó fọn ọ́n, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun.

Ẹsẹ̀ òkè ni pápá náà wà. Ojú ilé kan, ìyẹn góòlù, wà ní apá ọ̀nà, ìkejì sì kẹ́yìn sí àpáta ńlá méjì tí àlàfo tóóró wà láàárín wọn. Ilé apá àpáta yìí ni fèrè ti dún. Oyèwùsì, aṣọ́lé ẹgbẹ́ àgbà, ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin tó ga, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni, apá rẹ̀ sì gùn débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀pá-Ìkángun. Bọ́ọ̀lù náà kò le rárá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé e ni ohun náà dún létí rẹ̀, fííì, kedere, bí ìgbà tí Ọ̀gá bá fẹ́ dá eré dúró. Ó nàró. Bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Ohun tó ń ba Oyèwùsì lẹ́rù ju ti àwọn yòókù lọ, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ kí Ọ̀gá nígbà tí àìsàn náà le. Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Oyè, má fòyà. Bí n kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ilé rẹ ni n óò wà." Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí tù ú nínú bí omi tútù. Nísinsìnyí, bó bá rántí rẹ̀, ṣe ni ara rẹ̀ ń ṣe gììrì. Ẹni tó ní òun yóò wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ti dé, ó sì mú fèrè rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kan ẹgbẹ́ ọmọdé. Fèrè tún dún ní ilé apá àpáta, ó sì pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aṣọ́lé wọn, ọmọ kékeré kan báyìí, bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó sá kúrò lórí pápá, kò yà mú báàgì ìwé rẹ̀ kó tó dé ilé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òbí ti ní ọmọ àwọn kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Bí ẹgbẹ́ ọmọdé ṣe túká nìyẹn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ì bá ti la ojú wọn. Nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ àgbà bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní iléèwé ẹlòmíràn, wọn kì í gbọ́ fèrè kankan ju ti rẹfirí lọ, wọn a sì máa borí. Báyìí ni wọ́n ṣe dé àṣekágbá.

"Kí ló dé tí Ọ̀gá kì í tẹ̀ lé wa lọ sí òde?" Oyèwùsì béèrè lọ́jọ́ kan.

"Ta ni yóò san owó ọkọ̀ fún un?" Láníyọnu, balógun ẹgbẹ́ náà, fún un lésì. "Òkú kì í wọ mọ́tò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Fọ́tò Ọ̀gá wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ìgbà tí wọ́n kun àwọn òpó góòlù ní funfun láti fi ṣe ìrántí rẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀. Kí wọ́n tó jáde sí pápá, gbogbo wọn a dúró síwájú rẹ̀, wọn a dijú, Láníyọnu a sì fọwọ́ kan férémù: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá. Bí a bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ohun tí a ṣe." Fọ́tò kò sọ nǹkan kan. Àwọn mìíràn a yọjú wò ó díẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣe àmín. Oyèwùsì kì í wò ó rárá. Ẹ̀rù ń bà á kí ojú òun àti ti Ọ̀gá má baà ṣe mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá rẹ̀, aránṣọ ni. Lọ́jọ́ tí àṣekágbá ku ọ̀la, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Oyè, ṣé òótọ́ ni pé òkú ń pè ọ́ lórí pápá?"

"Màmí, fèrè ni."

"Òkú tó ń fọn fèrè sí ènìyàn létí, kí ló ń ṣe? Ó ń kí i kú iṣẹ́ ni?" Ó fa òwú já. "Gbọ́ mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, n kò ní fi dí ojú góòlù. Bí o bá tún gbọ́ ọ lọ́la, máa bọ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni kó o má bojú wẹ̀yìn."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí. Bó bá sá, ẹgbẹ́ kò ní aṣọ́lé mìíràn. Bó bá sì dúró, ta ni ó mọ ohun tí ọwọ́ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn àwọ̀n yóò ṣe fún un?

Àwọn tí wọ́n bá gbá àṣekágbá wá láti òdìkejì odò. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn. Bí ọkọ̀ wọn ṣe ń wọlé ni àwọn alátìlẹ́yìn wọn ti ń fi ẹnu fọn fèrè. "Àgọ́-Ìrókò, ẹ gbá a jẹ́jẹ́ o! Tíṣà yín ń bọ̀ wá máàkì iṣẹ́!"

Owó onírin tí rẹfirí ta sókè fi ilé apá àpáta fún Àgọ́-Ìrókò ní ìdajì àkọ́kọ́. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ètè Oyèwùsì ti là. Nígbà tí fèrè náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó rọra dún bí ẹni tó ń gbìyànjú ẹnu rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló wá yọ ketekete. Oyèwùsì bojú wẹ̀yìn. Kò rí nǹkan kan ju àwọ̀n, àpáta, àti eruku lọ. Ó rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ràn. Ibi tó dúró sí bí ère ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò ti gbá bọ́ọ̀lù gba òkè orí rẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n pààrọ̀ ìhà, Oyèwùsì sì bọ́ sí ilé apá ọ̀nà. Ó ń retí fèrè náà. Ó ṣáà ń gbé etí sẹ́yìn. Kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ìgbà tí Láníyọnu gbé bọ́ọ̀lù dé iwájú ilé apá àpáta. Lọ́hùn-ún ni ohun náà ti dún, lókèèrè. Aṣọ́lé àwọn àlejò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kọjú sí rẹfirí. Láníyọnu kò dúró, ó sọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ariwo sọ, àwọn ọmọ iléèwé ya wọ pápá.

Oyèwùsì nìkan ni kò yọ̀. Ọ̀gá ní ẹ̀yìn ilé òun ni òun yóò wà. Ilé òun sì ti di ti apá ọ̀nà. Bí òkú kò bá lè wọ mọ́tò, ṣé kò lè rìn ré pápá kọjá ni? Ó tẹ ojú mọ́ ilé apá àpáta. Nígbà tí àwọ̀n ibẹ̀ bá wú, fèrè a dún. Nígbà tí àwọ̀n bá rọ̀, ohun gbogbo a dákẹ́.

Eré parí sí ọ̀mì. Rẹfirí ní pẹnárítì ló kù, ilé apá àpáta sì ni wọn yóò ti gbá a. Láníyọnu kó àwọn yòókù lọ sí yàrá láti tún lọ bẹ Ọ̀gá. Oyèwùsì kò bá wọn lọ. Ó ń lọ sí ilé apá àpáta, òun nìkan.

"Ó ti ń lọ! Wọ́n ti pè é!" ni ẹnìkan kígbe.

"Oyè o!" Ohùn ìyá rẹ̀ ni, láti àárín èrò. "Oyèwùsì ọmọ mi, yà wálé!"

Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò yà. Ó gbé ọwọ́ lé òpó. Òpó náà ń gbọ̀n bíi tirẹ̀. Ó rìn yí i ká, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí àlàfo àárín àpáta. Lókè, níbi tí ọwọ́ ọmọ kúkúrú kò lè dé, ihò kan wà lára irin náà, kò ju ojú àtàǹpàkò lọ. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ihò náà sì fọn fèrè sí i lójú. Oyèwùsì na apá gígùn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò dí i. Fèrè dákẹ́. Ó yọ ọ́, fèrè dún. Ó tún dí i, gbogbo pápá sì pa lọ́lọ́.

Ihò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, inú rẹ̀ ti dípẹtà. Kí wá ni kò jẹ́ kó dún ní gbogbo ọdún tí Ọ̀gá fi wà láyé? Ó wo etí ihò náà dáadáa. Fọ́nrán aṣọ pupa kan lẹ̀ mọ́ ọ̀dà funfun níbẹ̀. Nǹkan kan ti wà nínú ihò yìí tẹ́lẹ̀.

Ó wọ inú yàrá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró síwájú fọ́tò, wọ́n dijú, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, Oyèwùsì gbé ojú sókè, ó wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, fèrè ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ojú Oyèwùsì tẹ̀ lé okùn fọ́tò náà lọ sókè, dé orí ohun tí wọ́n fi í kọ́: igi kékeré kan, ṣóńṣó, tí a fi ọ̀bẹ gbẹ́, tí wọ́n sì wé aṣọ pupa mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè há dáadáa.

"Láníyọnu, ta ló gbé fọ́tò yìí kọ́?"

Láníyọnu lajú. "Èmi ni."

"Níbo lo ti rí igi yẹn?"

"Ara òpó ni. Kò jẹ́ kí n rí ibẹ̀ kùn dáadáa, mo bá fà á yọ. Mo sì ń wá ohun tí n óò fi gbé Ọ̀gá kọ́."

"Láti ìgbà yìí! Kí ló dé tí o kò sọ?"

Láníyọnu wò ó, ó wo fọ́tò tí gbogbo wọn ti ń bi léèrè ọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí.

"Ta ló bi mí?"

Oyèwùsì gbé fọ́tò náà fún un, ó fa igi náà yọ, ó sì rọra fi í sí àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ Ọ̀gá ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni Ọ̀gá ti wà lóòótọ́, àwọn ni wọ́n lé e kúrò níbẹ̀.

Wọ́n dá igi náà padà sínú ihò kí wọ́n tó gbá pẹnárítì. Àwọn ará òdìkejì odò ló gba ife ẹ̀yẹ lọ lọ́jọ́ náà, pẹnárítì kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí, aṣọ́lé Àgọ́-Ìrókò kò sì sá fún ọ̀kankan. Àwọn àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ife náà mọ́. Ohun tí wọ́n mú dání ni òwe yìí. Bí nǹkan bá dàrú fún ènìyàn, tó wá ń dá òkú lẹ́bi, tó ń fura sí àjẹ́ àti ọ̀tá, tí kò sì tíì fọwọ́ kan ohun tó wà níwájú rẹ̀, tí kò tíì bi ẹni tó jókòó tì í, wọn a gbá a léjìká, wọn a ní: bi òpó kí o tó bi òkú.