Òwú Tí Kò Fẹ́ Sùn: Bí A Ṣe Tẹ Òwúyọjú Dó

Ẹ̀yin ọmọ Òwúyọjú, ọmọ akọ́lé-má-bo-àárín, ọmọ afẹfun-kun-ògiri-kí-ilé-ó-lè-mọ́lẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú rẹ̀ dó kò yẹ kó máa fi í yangàn lójú àlejò. Bí àwọn tó ṣáájú ṣe fi ìtàn yìí lé wa lọ́wọ́ náà ni a ó ṣe fi lé yín lọ́wọ́.

Adélàkùn, ọmọ ọba ni. Nígbà tí baba rẹ̀ wàjà, àwọn afọbajẹ gbé adé fún ilé mìíràn, ó sì rí i pé bí òun bá dúró, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó mú ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ó kó àwọn ìbátan tó fẹ́ bá a lọ, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Kò mú ìlẹ̀kẹ̀, kò mú idà. Àdó kékeré kan ni ìyá Adélàkùn fi lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́, kóró òwú ilé wọn ló sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín pé kóró òwú ni ọmọ ọba gbé dání. Nínú ìdílé yìí, bí a bá bí ọmọ, aṣọ funfun tí a fi òwú ilé hun ni a fi ń gbà á lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Òwú ọjà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ọmọ tí a kò bá fi òwú ilé gbà, àlejò ni. Kò ní orúkọ nínú ìdílé, kò sì lè jogún ohunkóhun. Òfin yìí ni Baba Kúṣàánú, àbúrò baba Adélàkùn, ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ẹran lórí iná. Òun ni àgbà tó bá wọn jáde, kò sì sí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó ti pẹ́ tí Àwẹ̀ró ti ń wá ọmọ. Inú igbó tí wọ́n dé sí, níbi tí igi ti forí kanrí tí ọ̀sán fi dà bí ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló ti lóyún. Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà mú ìbẹ̀rù dání, nítorí kò sí òwú. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn sí ìta, ọ̀bọ fà á tu, ọ̀yà sì palẹ̀ ìyókù mọ́. Kóró tó ṣẹ́kù kò kún àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n pinnu láti gbìn ín sínú ìkòkò, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ nínú ilé níbi tí ojú wọn yóò ti máa tó o.

Ta ni yóò wá sọ fún wọn bí a ṣe ń gbin òwú sínú ilé? Lórí òkè tó wà lẹ́yìn odò ni arúgbó kan ń gbé, Yèyé Agbókè ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà. Igi àti ewé ló ń bá sọ̀rọ̀, ohun tó bá sì wí kì í yẹ̀. Baba Kúṣàánú fúnra rẹ̀ ló gun òkè lọ bá a. Yèyé kò ní eyín kan lẹ́nu mọ́, oorun ọ̀sán ló sì ń kùn ún nígbà tí àlejò wọlé. Ó gbọ́ ẹjọ́ tán, ó yán gbàgà, ó sì wí láàárín yíyán náà pé:

"Ọkọ mi, òwú tí kò bá rí oòrùn kò ní so. Ẹ má fi oòrùn dù ú."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ń yán kò lè gbé ohùn sókè sódò bó ti yẹ. Oòrùn tó ti ẹnu Yèyé jáde ti di oorun kó tó dé etí Kúṣàánú. Àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ní oorun ni òwú ń fẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó máa sùn dáadáa.

Ta ni yóò bá àgbà jiyàn? Wọ́n gbé ìkòkò lọ sí yàrá tó ṣókùnkùn jù lọ, wọ́n sì fi ẹní dí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gún iyán nítòsí ilé mọ́. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, etídò ni wọ́n ń lé e lọ. Baba Kúṣàánú, tí kì í rọra rìn fún ọba pàápàá, a máa yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá lẹ́nu yàrá òwú. Àwẹ̀ró a sì máa wọlé lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

"Sùn, òwú mi, sùn o,
Ariwo ò sí nílé,
Sùn kó o jí, kó o so."

Òwú hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ti ń ga ni ó ń tínrín. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣì bí ìka ọwọ́ tó pẹ́ nínú omi ìfọṣọ, ìdí rẹ̀ kò sì lè gbé orí rẹ̀. Ikùn Àwẹ̀ró ń ga, òwú ń rù. Ẹ̀rù bà á gidigidi. A máa jókòó sínú òkùnkùn yàrá náà, a máa sunkún nítorí ọmọ tí wọn yóò pè ní àlejò nínú ilé baba rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bó ti ń nu ojú, ó ṣàkíyèsí pé gbogbo òwú náà tẹ̀ sí apá kan. Ẹní ẹnu ọ̀nà ti ya díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn kọjú sí. Ó yí àwọn ìkòkò náà padà kí wọ́n kọjú sí ògiri. Nígbà tó tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti yí ọrùn padà sí ojú ihò náà. Àwẹ̀ró dìde, ó sì pariwo nínú yàrá tí a kì í ti í pariwo:

"Ẹni tó ń sùn kì í yọjú!"

Inú gbólóhùn yìí ni ìlú wa ti mú orúkọ. Òwú ló yọjú, òun ló di Òwúyọjú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní torí pé a fẹ́ràn láti máa yọjú wo ilé onílé ni wọ́n ṣe ń pè wá bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò gbọ́ ìtàn.

Ọ̀rọ̀ wá kan ibi tó le. Ìyàwó ilé kò lè dúró níwájú àgbà kó ní etí rẹ̀ ló ṣì í gbọ́. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síwájú Baba Kúṣàánú.

"Baba mi, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ Yèyé wí, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an."

"Ṣé o ò gbọ́ ọ nígbà tí mo kọ́kọ́ wí i ni?"

"Mo gbọ́, Baba. Ó kàn wù mí kí n tún gbọ́ ọ ni."

Àgbà túnra jókòó. Ó ká ètè bo eyín, ó yán bí Yèyé ti yán, ó ní, "Òwú tí kò bá rí oo..." Ó tún yán, ó tún wí i. Ó wo Àwẹ̀ró, ó wo òrùlé, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

"Yéè! Oòrùn ni ìyá àgbà yìí wí! Oòrùn ni, èmi wá ń fi oorun pa òwú olówùú!"

Kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Baba Kúṣàánú fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín ni ilé tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n tún gbé odó síta, wọ́n gún iyán, gbogbo ilé sì mí kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìkánjú fẹ́ ba ohun tó ti tò jẹ́. Adélàkùn kó àwọn ìkòkò náà jáde ní ọ̀sán gangan, ó tò wọ́n sí gbangba. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ewé púpọ̀ ti jó, ó sì ku díẹ̀ tó ṣì mí.

"Olówó orí mi," ni Àwẹ̀ró wí, "ẹni tí ebi ti ń pa bọ̀ tipẹ́, a kì í fi òkèlè ńlá bẹ̀rẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká máa bù ú fún un díẹ̀díẹ̀."

Nígbà náà ni ọmọ ọba gun òrùlé, ó ṣí koríko tó bo àárín ilé kúrò, ojú ọ̀run sì hàn. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé òwú sí. Oòrùn àárọ̀ nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Tó bá ti ń mú, wọn a sún un sí abẹ́ ibòji. Bí ewé ti ń le, wọ́n ń fi í sílẹ̀ pẹ́ sí i, títí ó fi lè gba oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gé ìrókò ńlá tó dí ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni àdúgbò tí à ń pè ní Ojúmọ́là. Àwẹ̀ró tún rí i pé apá òwú tó kọjú sí ògiri kò dúdú bí èkejì, ó bá po ẹfun, ó fi kun ògiri yí ká kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí i. Ìdí nìyí tí ilé wa kì í ní òrùlé láàárín, tí ògiri àgbàlá wa sì ń funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń yọ wá lẹ́nu.

Òwú sanra, ó tanná, ó so. Lọ́jọ́ tí èso àkọ́kọ́ là tí funfun rẹ̀ tú síta, Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Èyí tó là kò pọ̀. Wọ́n yọ kóró rẹ̀, wọ́n ran án, wọ́n gbé e sórí òfì; ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ló jáde. Kí òmíràn tó là, ọmọ dé, obìnrin ni. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, gbogbo ojú wà lára Baba Kúṣàánú. Aṣọ ni òfin wí. Ta ló ń pe ọ̀já ní aṣọ? Àwẹ̀ró gbé ọmọ lé àgbà lẹ́sẹ̀, ó sì gbé ọ̀já náà tì í.

Baba Kúṣàánú mú ọ̀já náà, ó fi ọwọ́ pa á láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó tẹ́ ẹ gbọọrọ sára ọmọ, láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

"Òwú ilé ni òfin wí," ni ó ní. "Kò sọ bí yóò ti fẹ̀ tó. Ọmọ wa ni. Adéyọjú ni orúkọ rẹ̀."

Títí di òní, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba, ìbáà jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, irú ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo náà ni a fi ń gba ọmọ ní Òwúyọjú. Àwọn olówó kan ti hun ún fẹ̀ rí, wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ìlù àti ariwo. Àwọn ìyá ilé kì í bá wọn jà. Wọn a rọra ká aṣọ náà, wọn a dá a padà fún onítọ̀hún, wọn a ní: "Ẹ lọ gé e wá. Ṣé ọmọ tiyín ló tóbi ju ọmọ Àwẹ̀ró lọ ni?"