Èèrà Inú Abà Ìdákẹ́

"Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀." Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ló rí ìfun èèrà rí nínú wa? Èmi pa wọ́n títí nígbà èwe mi, n kò rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Olóòlà kan wà ní Àgọ́-Ìrókò àtijọ́ tó ń jẹ́ Ògúnníran. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mìíràn kì í mọ ìgbà tí abẹ kọjá lójú òun. Nígbà tó yá, Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. Ògúnníran kò sunkún. Wọ́n ní ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, títí abẹ fi ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kan kọjá ibi tó yẹ.

Bàbá Àjàgbé, olórí àwọn olóòlà, gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà wọn ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n yóò lọ gbé inú abà kan lóko tí wọ́n ń pè ní Abà Ìdákẹ́, láìṣiṣẹ́, láìgbàlejò. Bí ọwọ́ náà kò bá dúró, ó bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ baba rẹ̀ nìyẹn.

"Kí ni kí n máa ṣe níbẹ̀, Bàbá?"

"Fara balẹ̀, kí o máa wo èèrà. Ọjọ́ tí o bá rí ìfun rẹ̀, ránṣẹ́ pè mí."

Ògúnníran gbọ́ "fara balẹ̀", ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni tó ń kí ọba, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ èèrà pa. Ara rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń rìn kiri: ó ń bá agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí Àbẹ̀ní jà, ó ń bá Bàbá Àjàgbé pàápàá jà. Nígbà tí àgbà náà gbé oúnjẹ wá, ó rí òkú èèrà rẹpẹtẹ, ẹ̀rín pa á.

"Ara rẹ ti balẹ̀. Ọkàn rẹ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó jókòó. Nígbà tí kò rí ẹni bá jà mọ́, ẹkún tó ti gbé mì dé. Ó sunkún Àbẹ̀ní bí ọmọdé. Lẹ́yìn ẹkún náà, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ewé tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dúró lórí ohun kan ṣoṣo. Èèrà kan ń lá epo létí àwo oúnjẹ. Bó ṣe ń lá a ni ikùn rẹ̀ ń pọ́n. Ògúnníran mú ẹ̀gún igi ọsàn, ó rọra fi la ikùn náà. Ìfun pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, kò já.

Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Àjàgbé; nígbà tí àgbà náà dé, kò tilẹ̀ wo èèrà. Ọwọ́ tó di ẹ̀gún mú ló ń wò. Kò gbọ̀n rárá. Ó yọ abẹ, ó dá a padà fún un.

Ohun tí ìdákẹ́ ṣe nínú orí ọkùnrin náà ṣì ń yà mí lẹ́nu. Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó ń kánjú lé ọ̀rọ̀ tó ta kókó, kó lè mọ̀ pé sùúrù ló ń tú àṣírí ohun tó fara sin. Bí wọ́n bá pa á fún ọ, má wulẹ̀ wá èèrà kiri. Kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ.