Ìdí Tí A Fi Ń Ṣìkẹ́ Sítáǹpù Tó Dorí Kodò

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn sítáǹpù ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń tọ́jú wọn. Bí lẹ́tà bá ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, onítọ̀hún á yọ ìwé inú rẹ̀ kà, á sì fi àpò rẹ̀ dáná. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni sítáǹpù ń rìn láyé.

Ní ìlú Òkè-Àsá, ogún sítáǹpù wà lórí abala ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ Akínbòdé, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwòrán lékeléke ló wà lára gbogbo wọn. Mọ́kàndínlógún fi ẹsẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó to àwòrán sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gbé ọ̀kan sódì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dúró bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n lékeléke tirẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè, ó forí délẹ̀.

Àwọn yòókù kò jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Adoríkodò. Wọ́n ń bi í pé ṣé ilẹ̀ kì í jó o lórí. Adoríkodò a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí òun náà gbé iṣẹ́ ẹnì kan dé ibi tí wọ́n rán an.

Akínbòdé ń gé wọn tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àlùmọ́gàjí rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ Adoríkodò, á yà á sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ku òun nìkan nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú Aáyán, ẹni tó fẹ́ràn gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹpù ju oúnjẹ mìíràn lọ.

“Àbúrò,” ni Aáyán wí, “kò sẹ́ni tó máa rà ọ́. Jẹ́ kí n lá ẹ̀yìn rẹ, kó má baà ṣòfò.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi di ọjọ́ ọjà. Bí n kò bá tíì lọ, ẹ máa lá a.”

Aáyán gbà. Ó jókòó tì í, ó ń retí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà gan-an ni Màmá Fọ́yèkẹ́ wọlé, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìbírónkẹ́, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Òkè Ọya láti ọdún méje. Àìsàn ń ṣe ìyá náà, ó sì ń fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, wọn kì í kọ ìròyìn burúkú sí ẹni tó wà lájò, kí àyà rẹ̀ má baà já. Nítorí náà, ó ti ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àlàáfíà ni òun wà.

“Màmá,” ni Akínbòdé wí, “eléyìí nìkan ló kù, ó sì dorí kodò.”

“Ṣé yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi?”

“Yóò dé, Mà.”

“Mú un wá kí n lá a. Èmi náà ò kúkú dúró dáadáa mọ́.”

Nígbà tí ahọ́n Màmá Fọ́yèkẹ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, Adoríkodò mọ̀ bí ahọ́n náà ti gbẹ tó, tó sì gbóná bí eérú ìdí ààrò.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Lẹ́tà ń yangàn pé àlàáfíà ni òun gbé. Adoríkodò ní irọ́ ni, òun mọ bí ahọ́n ìyá náà ṣe gbóná. “Ṣùgbọ́n n kò ní ohùn tí ènìyàn lè gbọ́,” ó wí. “Bí mo ṣe dúró yìí nìkan ni mo ní.”

Kí Ìbírónkẹ́ tó mọ ìwé kà rárá ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní àrokò, bí owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ ẹyẹ ṣe ń jíṣẹ́ láìlanu. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀, ara àpò rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Nígbà tó ka inú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń dúpẹ́. Òun kò dúpẹ́.

“Lékeléke kì í fi orí dúró,” ó wí. “Ara Màmá mi ò yá.”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn atẹ̀wé ló ṣèèṣì.

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ wò wọ́n.”

Ọjọ́ kẹrin ló dé Òkè-Àsá. Ìkòkò omi ti gbẹ. Ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní.

“Ta ló sọ fún ọ?” ni ìyá náà bi í. “Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àlàáfíà ni.”

Ìbírónkẹ́ fi sítáǹpù náà hàn án. Ìyá náà wò ó títí.

“Ẹyẹ olófòófó,” ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.

Wọ́n jọ gbé oṣù mẹ́ta. Wọ́n jọ jẹ iṣu tuntun. Nígbà tí Màmá Fọ́yèkẹ́ sun oorun ìkẹyìn, itan ọmọ rẹ̀ ló gbórí lé.

Ìbírónkẹ́ kò fi àpò lẹ́tà náà dáná. Ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó rọra bó Adoríkodò kúrò, ó sá a gbẹ, ó sì fi sáàárín ìwé orin rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wá wò ó. Wọ́n wá àwọn mọ́kàndínlógún yòókù láti fi wé e, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti di eérú.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń rọra bó sítáǹpù kúrò lára lẹ́tà, tí wọ́n ń tò ó sínú ìwé, tí èyí tó ní àṣìṣe sì fi wọ́n ju èyí tó pé lọ. Láti ọjọ́ náà sì ni Aáyán ti ń jẹ inú ìwé kiri, ó ṣì ń wá gọ́ọ̀mù ọjọ́ ọjà.

Bí ìwọ náà bá rí ọ̀kan tó dorí kodò, má ṣe béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Béèrè ẹni tí o kò tíì lọ wò.