Bí Ọba Afáráwa Ṣe Di Ẹni Tí Ń Bá Ìlú Gbé Igi

Ẹ̀yin ọmọ Afáráwa nílé lóko, ọmọ Abágbé tí í gbẹ́rù kó tó gbádé, ẹ fetí sí ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wa gbà dé etí odò Ọ̀wàrà. Ogun kò lé wọn, ebi kò sì lé wọn. Ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ tóbi, ó lọ́rọ̀, ọba ibẹ̀ sì fẹ́ràn wọn.

Ìdókùn ni orúkọ ìlú náà. Adégòróyè ló wà lórí oyè, Adégbìtẹ́ àbúrò rẹ̀ ni ó sì ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún ará ìlú. Adégòróyè kì í ṣe òǹrorò. Kò fẹ́ kí ìyà kankan jẹ ẹnikẹ́ni lójú òun ni. Nígbà tí àwọn kan jà nítorí kànga, ó ní ààfin ni yóò máa gbẹ́ kànga. Nígbà tí ògiri ẹnìkan wó lu ọmọ aládùúgbò rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ògiri tàbí kí ó wó o láìgba àṣẹ. Ohun tí ó bá bàjẹ́, ààfin yóò tún un ṣe. Inú àwọn ènìyàn dùn. Kò pẹ́ rárá, ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò sábẹ́ ibi tí ó ń jò, ó ń retí ìránṣẹ́ ọba.

Adégbìtẹ́ gbádùn iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá yọ sí ìgboro, tí àwọn àgbà dọ̀bálẹ̀ tí wọ́n ń bi í pé, "Ọmọ ọba, kí ni Kábíyèsí wí?", orí rẹ̀ a máa wú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, iná sọ ní agbo ilé àwọn ahunṣọ. Ẹfúnyẹmí, obìnrin kan tí ó ń hun kíjìpá níbẹ̀, rí i pé iná náà ti ń sún mọ́ yàrá tí ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn wà. Ẹnu ọ̀nà ti gbiná. Ògiri ẹ̀yìn nìkan ló kù tí wọ́n lè gbà wọlé, ti ìjòyè kan sì ni ògiri náà. Àwọn ọkùnrin ti gbé ọkọ́ àti àáké dé nígbà tí Adégbìtẹ́ bá wọn níbẹ̀.

"Ẹ dúró!" ni ó wí. "Ẹ má fọwọ́ kan ògiri yẹn. Mo ń lọ gba àṣẹ, mo ń bọ̀ báyìí."

Ó sáré. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí ó kọ́kọ́ rí olórí ìlàrí. Olórí ìlàrí ní Kábíyèsí ń jẹun lọ́wọ́. Nígbà tí ọba gbọ́, kíá ló ní kí wọ́n wó ògiri. Omi tilẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adégbìtẹ́ padà dé, yàrá náà ti wó lu ìyá náà. Àwọn ọkùnrin ṣì dúró síbi tí ó fi wọ́n sí, ọkọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹfúnyẹmí kò pariwo. Ó wò ó, ó ní, "Ọwọ́ wa kò dí, ọmọ ọba. Ẹ̀yin lẹ ní ká dúró."

Láti ọjọ́ náà, Adégbìtẹ́ kò yọ sí ìgboro mọ́. Ọba tù ú nínú, ó ní òun yóò fi ìránṣẹ́ kún ìránṣẹ́, kí àṣẹ lè máa tètè dé. Adégbìtẹ́ wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí i pé tinútinú ló fi ń sọ ọ́, ẹ̀rù sì bà á.

Ó lọ sí ìsun omi tí ó wà lẹ́yìn odi, lọ́dọ̀ arúgbó tí ń sin omi náà. Arúgbó náà bu omi sórí rẹ̀, ó sì wí pé: "Jáde. Má tẹ̀dó síbi tí wọ́n bá ti bi ọ́ pé ta ló rán ọ. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí o wá bá àwọn gbé e, sọ ẹrù tìrẹ kalẹ̀ níbẹ̀."

Ìdílé mélòó kan bá a lọ. Ẹfúnyẹmí wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò bá Adégbìtẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ìlú tó dùn-ún gbé ni wọ́n kọ́kọ́ dé, omi ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n oníbodè na ọwọ́ dí ọ̀nà, ó ní, "Ta ló rán yín?" Wọ́n kọjá. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Talórányín.

Nígbà tí wọ́n dé etí Ọ̀wàrà, wọ́n bá àwọn ọdẹ kan tí ń ti ìtì ìrókò, wọ́n fẹ́ fi í ṣe afárá. Ọdẹ́dìran, àgbà wọn, kò tilẹ̀ kí àlejò. Ó kígbe pé, "Ẹ̀yin tí ẹ dúró yẹn, ẹ wá bá wa gbé e!"

Adégbìtẹ́ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Kò gbé igi rí láyé rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí igi náà gúnlẹ̀ ní òdìkejì, èrò kan tí ń kọjá béèrè pé ta ló ni ín. Gbogbo wọn fi ẹnu kan dáhùn pé, "Afárá wa ni!" Bí ìlú ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n fi Adégbìtẹ́ ṣe olórí, nítorí ó mọ ìjà á parí. Wọ́n ń bi í níbi tí wọn yóò ro. Wọ́n ń bi í nígbà tí wọn yóò kórè. Ó ń dá wọn lóhùn, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Ní ọdún kan, odò kún àkúnya. Ìdí afárá mì, àwọn ènìyàn sì wà lóko ní òdìkejì pẹ̀lú ọmọ kéékèèké. Gbogbo ìlú tú jáde tòun ti okùn. Wọ́n dé etí odò, wọ́n dúró, wọ́n yíjú sí Adégbìtẹ́.

Ó ti la ẹnu kí ó tó rí ọwọ́ wọn, bí wọ́n ṣe di okùn mú tí ẹnikẹ́ni kò sì mira. Ó rántí àwọn ọkùnrin tó dúró ní Ìdókùn, ọkọ́ wọn lọ́wọ́.

"Bàbá," ni ó wí fún Ọdẹ́dìran, "ta ló mọ odò yìí jù nínú wa?"

"Ẹfúnyẹmí ni. Inú rẹ̀ ló ti ń fọ òwú lójoojúmọ́."

Adégbìtẹ́ lọ bá a níwájú gbogbo ènìyàn. "Ẹfúnyẹmí, ibo ni kí n dì mú?"

Obìnrin náà wò ó. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti Ìdókùn. "Ìdí igi," ni ó wí níkẹyìn. "Ẹ wọnú omi."

Ó wọ inú omi. Ìtì igi fọ́ ọ léjìká, apá náà kò sì gòkè dáadáa mọ́ títí ó fi wàjà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí odò gbé lọ.

Nígbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń yáná, Adégbìtẹ́ ní òun kò ní máa pàṣẹ iṣẹ́ mọ́. Ọdẹ́dìran ní, "Iṣẹ́ tí kò lólórí yóò dàrú o."

Adégbìtẹ́ ní, "Ẹ yan olórí nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Bí iṣẹ́ bá parí, kí olórí máa lọ sílé bíi gbogbo wa."

Oyè Abágbé ni wọ́n fi í jẹ. Àwọn kan ní torí pé ó bá ìlú gbé igi ni. Àwọn kan ní torí pé ó bá ìlú gbé pọ̀ ni. Méjèèjì tọ̀nà.

Nígbà tí ó di arúgbó, Ìdókùn rán ìránṣẹ́ wá. Wọ́n ní àwọn yóò máa tún afárá ṣe, àwọn yóò bo ilé fún wa, bí a bá ti gbà láti máa gbàṣẹ. Ó wu àwọn kan nínú wa. Agara iṣẹ́ ti dá wọn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Àríyànjiyàn náà le. Ọjọ́ iṣẹ́ afárá sì ni. Ẹnìkan bẹ àwọn ìránṣẹ́ náà pé kí wọ́n bá wọn ti igi kan ná.

Olórí wọn ní, "Wọn kò rán wa pé kí a ti igi."

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn gbogbo ìlú. Wọ́n fún àwọn àlejò lóúnjẹ, wọ́n sì sìn wọ́n sọ́nà.

Títí di òní, bí òjò bá dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, gbogbo Afáráwa a tú jáde lọ sídìí afárá. Abágbé kì í dé adé lọ síbẹ̀, wọn kì í sì í gbé àga fún un. Yóò tọ ẹni tí wọ́n bá yàn lọ́jọ́ náà lọ, yóò sì béèrè ibi tí òun yóò dì mú. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí ń ṣe káfíńtà ni wọ́n yàn. Abágbé bi í. Ó wo ọba láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà yín ná."