Ìdí Tí Aṣọ Àparò Fi Pọ́n

Ààlọ̀ o!

— Ààlọ̀!

Ohùn yín ti rẹlẹ̀ jù, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ̀ o!

— Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí Àparò, ìyá ẹlẹ́yin mẹ́sàn-án.

Láyé àtijọ́, Erin jọba ní ìlú Ọ̀dàn. Ìnàkí fẹ́ oyè yẹn, kò rí i gbà, ló bá di olórí ìgbìmọ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ ló sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àṣà Ọ̀dàn ni pé ọba kì í dáwọ́ lé iṣẹ́ ìlú àfi bí gbogbo ìgbìmọ̀ bá fi ohùn kan dá a lóhùn. Ẹnìkan á ké pé, "Ẹnu kò!" Ará ìlú á ní, "Kẹ́sẹ̀ ó tẹ̀!" Ìgbà náà ni ọba tó lè gbéra. Ni Ìnàkí bá kọ́ àwọn tirẹ̀ pé, "Ohun yòówù kí Erin bi yín, rárá ni kẹ́ ẹ sọ."

Ọyẹ́ dé, koríko gbẹ táútáú. Inú koríko yẹn ni Àparò ti ń sàba lé ẹyin rẹ̀ mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ kìíní, èéfín yọ lẹ́yìn òkè. Erin pe ìgbìmọ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n tẹ koríko etí ìlú mọ́lẹ̀, kí iná má rí nǹkan jó?"

"Rárá!"

"Bó bá tẹ koríko lónìí," ni Ìnàkí wí, "ilé wa ni yóò tẹ̀ lọ́la." Wọ́n tú ká.

Lọ́jọ́ kejì, iná gun òkè, ó ń ta pàrà-pàrà. Ìnàkí fúnra rẹ̀ dìde. "Kí ọba lọ fa omi odò, kó tú u sórí koríko." Ìmọ̀ràn gidi ni, ẹ̀yin ọmọ! Ṣùgbọ́n Erin di etí méjèèjì. "Ṣé èmi ni Ìnàkí wá ń rán lódò?" Ó wọlé lọ. Àparò ń wo ẹyin rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń kọrin. Ẹ gbè é dáadáa:

Erin baba, iná ń bọ̀ o!
— Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!
Ìnàkí àgbà, èéfín ti dé o!
— Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!
Ẹyin mẹ́sàn-án ò lẹ́sẹ̀ ìsáré!
— Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!
Ẹnu ò kò, ẹsẹ̀ ò tẹ̀ o!
— Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!

Lọ́jọ́ kẹta, iná sọ̀ kalẹ̀ wàà! Ooru rẹ̀ kan Àparò lójú. Ó fi ẹyin sílẹ̀, ó sáré dé ààfin. Ìgbìmọ̀ ti pé, wọ́n ń bú ara wọn. Àparò fò, ó bà lé etí Erin.

"Kábíyèsí, ẹ yí ìbéèrè yín padà. Ẹ bi wọ́n bóyá kí gbogbo wa jókòó kí iná jó wa."

Erin bínú. "Kí wọ́n tún dá mi lóhùn rárá lójú gbogbo ìlú?"

"Kábíyèsí, rárá yẹn ò lè jó yín. Iná ló máa jó ọmọ mi."

Erin kọjú sí ìgbìmọ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí gbogbo wa jókòó kí iná jó wa?"

Rárá ti mọ́ wọn lẹ́nu. "RÁRÁ!"

Gbogbo ìgbìmọ̀ ti fi ohùn kan dá ọba lóhùn nìyẹn. Ìnàkí fọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù. Àparò gun orí ebè kan ní àgbàlá ààfin, ó figbe ta: "Ẹnu kò!"

"Kẹ́sẹ̀ ó tẹ̀!"

Erin sáré dé etí ìlú, ó ń tẹ koríko, gbì, gbì, gbì! Ìnàkí wo iná, ó wo ọba, ó já ẹ̀ka igi. "Ẹ má jẹ́ kó dá iyì yìí gbà!" Òun àtàwọn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na iná títí ó fi kú.

Ṣùgbọ́n iná ti kọ́kọ́ dé ibi ìtẹ́ Àparò. Àparò ti sáré padà, ó na ìyẹ́ bo ẹyin, èéfín ń yí i lára, kò kúrò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Erin àti Ìnàkí wá kí i, wọ́n tún ń jiyàn.

"Ẹsẹ̀ mi ló gba ìlú là," ni Erin wí.

"Ta ló dáhùn? Ẹnu wa ni!" ni Ìnàkí wí.

Àparò dìde lórí ìtẹ́. Mẹ́rin péré ló di ọmọ nínú ẹyin mẹ́sàn-án.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ ti pín iyì èyí tó yè. Márùn-ún tó kú ńkọ́? Ta ló ni ìyẹn?"

Rárá gan-an ò jáde lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, ká ní ọjọ́ kìíní ni ẹnu ti kò, mẹ́sàn-án ni ì bá di ọmọ. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé bí àgbà méjì bá ń bá ara wọn ṣorí kunkun, ọmọ ẹni tí kò sí nínú ìjà ni ń sanwó rẹ̀.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ wo àparò lọ́la bí ẹ bá dé oko. Láti ọjọ́ tí èéfín ti yí i lára ni aṣọ rẹ̀ ti pọ́n, kò sì fọ̀ ọ́.