Bí Mo Ṣe Fi Ebi Pa Afèéfínjọba

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹni tó ń wúkọ́ wúkọ́ rẹ̀ tán, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín; egungun ìhà mi tó tẹ̀ yìí ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ọdẹ́níyì ni orúkọ mi, ọdẹ sì ni bàbá tó bí mi. Nígbà tí mo wà ní géńdé, àwa ọdẹ máa ń mu igbó kí oorun má bàa gbé wa lórí igi tí a ti ń ṣọ́ ẹran. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mu ún, wọ́n fi í sílẹ̀. Èmi mu ún, ó sì fi mí ṣe ilé. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, mo ti fà á. Kí n tó jẹun, mo ti fà á. Ọwọ́ tó ń yìnbọn wá ń gbọ̀n bí ewé kókò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí èéfín kún orí mi, mo rí ẹtu kan láàárín oko ẹ̀gẹ́, mo sì yìnbọn. Ẹtu náà ké ní ohùn Àwẹ̀ró, ìyàwó mi. Ọta ti gé etí rẹ̀ ọ̀tún lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn sínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó fi gèlè di etí náà, ó ní, “Bàbá Ṣubúọlá, ẹ lọ wá ara yín wá. Bí ẹlòmíràn ló bá padà dé, kó má kan ilẹ̀kùn mi.”

Mo bọ́ sínú Aginjù Gbàgbé-ilé, níbi tí Afèéfínjọba, ọba iwin tó ni ewé igbó tí mò ń mu náà, ń gbé. Mo fẹ́ pa á, kí n lè padà sílé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ nìyí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba, tí wọ́n hu ìwo lórúnkún, ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń fi pàṣán onírin bẹ́ wọn lẹ́yìn nítorí ewé díẹ̀ tí wọ́n bá lápò wọn. Bí wọ́n ṣe ń nà wọ́n, àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn ń ru àpò ewé ọba kọjá, àwọn tó ń nani sì ń yà fún wọn lọ́nà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ọdẹ, ṣé àjèjì ni ọ́ ni? Olóko là ń ṣọ́. Ẹni tó mu ún là ń nà. Bí a bá na olóko, ta ni yóò bọ́ wa?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìlú tó bá ń na ẹni tó rì sómi, tó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó tì í, ilẹ̀ rẹ̀ yóò mu ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi bì í. Mo gba pàṣán náà, mo fi là á lórí, ọpọlọ rẹ̀ sì fọ́n sára igi. Títí di òní, n kò tọrọ àforíjì.

Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù tó dé ọ̀dọ̀ mi, Afèéfínjọba jáde. Ó ga ju ìrókò lọ, èéfín ń rú ní ihò imú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi ohùn dídùn kí mi káàbọ̀. Mo yìnbọn lù ú, ihò ọta náà dí. Mo ṣá a ládàá, ọgbẹ́ náà jinná. Nígbà náà ni mo ṣe àṣìṣe ọdẹ. Bí ẹran bá sá pamọ́ fún wa, a máa ń dáná sun pápá kó lè jáde. Mo dáná sun oko ewé rẹ̀, mo rò pé mo ti gba ẹ̀san. Èéfín oko náà bò wá. Bí mo ṣe ń mí i sínú, bẹ́ẹ̀ ni iwin náà ń wú, títí orí rẹ̀ fi kan ìkùukùu. Ó gbé mi, ó fi mí na àpáta, egungun ìhà mi ṣẹ́. Ó sì tẹ ẹsẹ̀ lé mi láyà.

“Ọ̀rẹ́ mi, kí lò ń bá mi jà sí? Ṣé o ti rí ibi tí mo ti ń jẹun rí? Èémí rẹ ni oúnjẹ mi.”

Ìgbéraga rẹ̀ ló là mí lójú: bí n kò bá mí èéfín sínú mọ́, ebi yóò pa á. Nígbà tó lọ, mo wọ́ ara mi dé inú ihò àpáta kan lẹ́bàá odò, níbi tí èéfín kò dé. Mo fọ́ ìkòkò tí mo fi ń mu igbó, mo da ewé tó kù lápò mi sómi. N kò rí ẹni dì mí mú, n kò rí ẹni gbà mí nímọ̀ràn. Oorun kọ̀ mí, òógùn bò mí, bí mo bá sì tòògbé, àlá á yọ ọ̀bẹ lé mi. Inú bí mi débi pé mo ń gba àpáta lẹ́ṣẹ̀ẹ́ títí awọ ọwọ́ mi fi bó. Lójoojúmọ́ ni iwin náà ń wá nà mí, tó ń na ewé wíwé sí mi pé kí n fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, mo gbà á. Ó wú, ó sì gbá eyín mi yọ. Mo tu ẹ̀jẹ̀ dànù, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣubú lọ́nà oko kò tíì sọ oko nù.

Mo wá ń ṣọ́ ara mi bí a ti ń ṣọ́ ẹran. Mo rí i pé ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí ọwọ́ mi sì dilẹ̀, ni iwin náà máa ń dé. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti ń rẹ̀, màá máa hun okùn tàkúté, màá máa jẹ orógbó, tí ara bá sì ń yún mi jù, màá bọ́ sódò. Afèéfínjọba dé, kò bá ohun tí yóò jẹ. Ó gbẹ títí ó fi tó ajá, ó tún gbẹ títí ó fi tó òkété. Mo dì í lọ́rùn mú, mo fi orí rẹ̀ gún òkúta títí ó fi dákẹ́. Síbẹ̀, n kò lè sọ fún yín pé ó kú, nítorí mo rí i tí ìhà rẹ̀ ń mì. Mo pe àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń nà pé kí wọ́n wá sódò. Àwọn kan wá; àwọn kan ní ọ̀nà ti jìn.

Nígbà tí mo délé, Àwẹ̀ró wo ojú mi láti ojú fèrèsé bóyá èmi ni mo padà dé, ó wá ní kí n sùn síta ná. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kì í ṣe pé òun ti gbàgbé, nítorí òjò ni òun ṣe ṣàánú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fà á, ẹ má dúró de ẹni tí yóò bá yín mí. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú láti ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ sì mú pàṣán lọ́wọ́, ẹ yé na ẹni tó mu ún, ọ̀nà oko ọba nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a rí yín níbẹ̀.